"Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa, sà!"

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ìwé kẹrin kan ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ ó gbọ́ ọ. Tíṣà á kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, á ṣàlàyé, á yíjú padà, á ní, "Ṣé ó yé yín?" Ọgọ́ta ọmọ á gbé e bí ẹni gbé orin: "Ó yé wa, sà!" Tíṣà á nu bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ á máa lọ. Ìgbà tí ìdánwò bá dé ni àṣírí á tó tú pé kò yé ẹnikẹ́ni, àfi àwọn bíi mélòó kan tó máa ń jókòó níwájú.

Orin ni, kì í ṣe ìdáhùn. Ọmọ tí kò yé mọ̀ dájú pé bí òun bá ní "kò yé mi", àwọn ẹgbẹ́ òun á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, tíṣà náà lè ní òun ò fetí sílẹ̀. Kí ló máa sọ ọ́ fún?

Láyé òde òní, gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ ló ń sọ pé kí á fi ọmọ ṣe àárín ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ tíṣà gbọ́ ọ bíi pé kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ni wọ́n ń sọ, wọ́n wá ní, "Iná gan-an kò sí, ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Kì í ṣe owó ló ń dí i lọ́wọ́. Ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì. Bí tíṣà bá jáde tí òógùn bò ó, tí àwọn ọmọ sì ń na ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tíṣà nìkan ló kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù. Ẹ fi ìka rọ́pò orin. Ẹ kọ ìbéèrè kan tó ní ìdáhùn mẹ́rin sójú bọ́ọ̀dù, kí ẹ fún àwọn ìdáhùn náà ní nọ́ńbà 1 dé 4. Ẹ fún wọn ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí wọ́n fi ronú, láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí gbogbo wọn gbé iye ìka tó bá ìdáhùn wọn mu sí àyà lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà ni o, kì í ṣe òkè orí. Ọwọ́ tó bá ga ju orí lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn á wò ó, á sì ṣe bíi tirẹ̀.

Eric Mazur, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Harvard, ló sọ irú ìdìbò báyìí di ọ̀nà ìkọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òdiwọ̀n rẹ̀ sì wúlò fún wa níbí. Bí àwọn tó gbà á kò bá tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún un kọ́ láti ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá wà láàárín 30 sí 70, ẹ má ì tíì sọ ìdáhùn rárá. Kí oníkálùkù wá ẹnì kan nítòsí tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì jiyàn, kí wọ́n sì tún dìbò. Bí wọ́n bá ju 70 lọ, ẹ ṣàlàyé ráńpẹ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Nínú kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ, 18 àti 42 ni ààlà yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ máa ka ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìlà bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, ojú yín á ti mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Bí ẹ bá kàn kọ nọ́ńbà tó bá wá sẹ́nu, ìdìbò náà kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Inú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ni kí ẹ ti lọ wá a. Ẹ wo ½ + ⅓. Ẹ fún wọn ní 2/5, 5/6, 1/5 àti 2/6. Ọmọ tó bá mú 2/5 ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó mú 1/5 ro ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹni tó mú 2/6 ro òkè, ó wá sọ ìsàlẹ̀ di ìlọ́po. Ìka kan péré ti sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ fún yín, láìsí pé ẹ gba ìwé ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè àfẹnubéèrè náà ní àìsàn tirẹ̀. Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà, wádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó sì rí i pé lẹ́yìn tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ó máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, "mi ò mọ̀" sì dínkù. Ìdákẹ́ yẹn ń ni tíṣà lára, ó ń dà bíi pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ rọra kà dé márùn-ún nínú ikùn yín. Ẹ má sì pe àwọn tó nawọ́ nìkan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ sórí ìwé kéékèèké, kí ẹ kó o sínú agolo mílíìkì, kí ẹ máa fà á. Orúkọ tí ẹ bá fà, ẹ dá a padà sínú agolo. Bí ẹ kò bá dá a padà, ẹni tí ẹ ti pè á mọ̀ pé iṣẹ́ òun ti parí fún ọjọ́ náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán mọ́tò sẹ́yìn ìwé.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ńkọ́? Àwọn tíṣà kan á ní pípín ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò ṣeé ṣe torí pé bẹ́ǹṣì wa wúwo, kò ṣeé gbé, ilẹ̀ kíláàsì kún. Ẹ má gbé nǹkan kan. Ẹ ka bẹ́ǹṣì láti iwájú: ekìíní, ekejì, ẹkẹta, ẹkẹrin. Kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ekìíní àti ẹkẹta gbé ẹsẹ̀ wọn kọjá, kí wọ́n yíjú sẹ́yìn. Tábìlì ẹni tó wà lẹ́yìn ni wọn yóò jọ lò. Bí bẹ́ǹṣì bá gba ọmọ mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún á bá méjì ẹ̀yìn wọn ṣe ọ̀wọ́ kan, àwọn méjì tó kù lápá òsì á ṣe ọ̀wọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ má jẹ́ kí àwọn mẹ́fà ṣe ọ̀wọ́ kan; ẹ pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ọ̀wọ́ bá ti di mẹ́fà, méjì á ti sùn. Ọjọ́ kìíní, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yíjú, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú iṣẹ́ kan, kí á tú u wò dáadáa. Ìdá ni, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já sílẹ̀ nínú ìṣirò, tí wọn kì í sì í padà sórí rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé girama.

Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 ní ìbú, 29.7 ní gígùn, ni ẹ ó lò. Ẹ gé e kí gígùn rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 24, kí ẹ wá là á sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 3 ní ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan á fún yín ní tẹ́ẹ́rẹ́ méje. Ọmọ 60 jẹ́ ọ̀wọ́ 15. Tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún ni ọ̀wọ́ kan nílò, ó di 75. Ìwé 11 á tó, ṣùgbọ́n ẹ mú 12, torí ẹnì kan á ya tirẹ̀ dájúdájú. Ẹ má sọ èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nù, ẹ ó lò ó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 24? Torí pé ó pín sí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin àti mẹ́fà láìsí ṣẹ́kù: 12, 8, 6, 4. Bí ẹ bá fi 25 ṣe é, tàbí 30, àjákù á wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ á sì gbàgbé ìdá, wọ́n á máa jà nítorí rúlà.

Ẹ má tíì fún wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: èwo ló tóbi jù, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin? Kí wọ́n fi ìka dìbò. Ọ̀pọ̀ á mú ìdá kan nínú mẹ́rin, torí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Ẹ má bá wọn wí. Ẹ kàn ní, "A sè iṣu kan, ènìyàn mẹ́ta pín in. A sè irú rẹ̀ kan náà, ènìyàn mẹ́rin pín in. Ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ wà?" Kò sí ọmọ Òkun kan tó máa ṣi ìyẹn yàn. Wọ́n ti mọ ìdá láti ìdí iṣu. Nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn ni wọn kò mọ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá pín tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí àkọ́kọ́ wà ní odidi. Èkejì, kí wọ́n ká a sí méjì. Ìkẹta sí mẹ́ta, ìkẹrin sí mẹ́rin, ìkarùn-ún sí mẹ́fà. Ká sí méjì lẹ́ẹ̀mejì ni mẹ́rin, ìyẹn kò le. Kíká sí mẹ́ta ló ń da gbogbo nǹkan rú: ọmọ á ká a bí ó ti rí i, apá kan á gùn, apá kan á kúrú. Kí wọ́n fi rúlà sàmì sí 8 àti 16 kí wọ́n tó ká a. Mẹ́fà, kí wọ́n kọ́kọ́ ká a sí mẹ́ta, kí wọ́n wá tún gbogbo rẹ̀ ká sí méjì. Ẹ ṣọ́ rúlà náà o. Ọmọ púpọ̀ ń wọn nǹkan láti etí rúlà dípò kó jẹ́ láti 0, àwọn mìíràn sì ń lo rúlà tó ti kán, tó bẹ̀rẹ̀ láti 3, wọ́n á sì kà á bíi pé láti 0 ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tò wọ́n lé ara wọn láti ọwọ́ òsì. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu ara wọn sọ fún yín nìyí: ìdá kan nínú mẹ́ta fi sẹ̀ǹtímítà 2 gùn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ìlà ààbọ̀, ìlà méjì nínú mẹ́rin àti ìlà mẹ́ta nínú mẹ́fà dúró sójú kan náà, ní 12. Ẹ wá padà sórí ½ + ⅓ tí wọ́n dìbò fún. Ààbọ̀ jẹ́ 12, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ 8, àpapọ̀ rẹ̀ 20. Kí wọ́n wo ibi tí 20 bọ́ sí lórí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká sí mẹ́fà: apá márùn-ún gééré. Ta ló ní 2/5? Sẹ̀ǹtímítà 24 pín sí márùn-ún, kí á mú méjì, kò tó 10. Ààbọ̀ nìkan ti tó 12! Báwo la ṣe fi nǹkan kún ààbọ̀ tó wá kéré sí ààbọ̀? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí kíláàsì hó díẹ̀. Ariwo tó dára ni.

Ẹ̀yìn èyí ni òfin á tó dé ojú bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó ní àwọn ti ń lo ọ̀nà tuntun ń kọ òfin náà sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á wá kó tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lẹ́yìn. Nígbà náà tẹ́ẹ́rẹ́ ti di ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ mọ̀ pé ìdáhùn ti wà lójú bọ́ọ̀dù, kí ni wọ́n ń ká ìwé sí?

Nínú ọ̀wọ́, àrùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹnì kan á ṣe é, mẹ́ta á máa wò ó. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà 1 dé 4, kí ẹ pín iṣẹ́: ọ̀kan ń ká, ọ̀kan ń wọ̀n, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń rí i pé ìdáhùn yé gbogbo wọn. Kí iṣẹ́ máa yí ọwọ́ padà lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọbìnrin ni yóò máa kọ títí ọdún á fi parí. Ẹ má yan ẹni tó máa dìde sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni kí ẹ tó ní, "Nọ́ńbà 3 ọ̀wọ́ kẹfà, ó yá." Kò sí ọmọ tó lè sùn bí kò bá mọ ìgbà tí ó máa kàn án.

Ní ti ariwo: ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ dákẹ́. Ọmọ tó bá rí yín á gbé tirẹ̀, á pa ẹnu dé, títí yóò fi yí kíláàsì ká. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ má fi pàṣán gbá tábìlì. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kìíní. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ó gbá a le sí i.

Nǹkan kan wà tí a kì í fẹ́ẹ́ sọ lápá ọ̀dọ̀ wa yìí. Ọmọ tó ń sọ ẹ̀ka èdè Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ nílé ń ka Yorùbá inú ìwé, ó sì máa ṣe ìdánwò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹrù mẹ́ta ló ti wà lórí rẹ̀ kí ìdá tó dé. Bí ẹ bá ní kí ó bá ẹnì kejì jiyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò dákẹ́, ẹ ó sì rò pé kò mọ ìṣirò. Kí wọ́n jiyàn ní èdè ilé wọn. Ìgbà tí wọ́n bá dìde láti jábọ̀ ni kí ó di èdè iṣẹ́. Kí ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan sójú bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n á máa parí. Bí ọmọ Ebira bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó jókòó ti ẹni tí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé èyí máa ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, kí wọ́n wo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Fún ìtàn àti ìmọ̀ àwùjọ, ọ̀nà Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló dùn jù. Ní 1971 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Austin, ní Texas, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọmọ aláwọ̀ dúdú àti funfun pọ̀ mọ́ra nílé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ń bára wọn jà. Ẹ mú Lọ́kọ́jà, ẹ pín in sí mẹ́rin: bí odò Ọya àti Bẹ́núé ṣe pàdé níbẹ̀, òwò Royal Niger Company lórí odò, àsíá tí Lugard gbé sókè níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, àti bí wọ́n ṣe dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ láti ara Kwara àti Benue ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991. Gbólóhùn mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nínú ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, oníkálùkù gba apá kan. Àwọn tó gba apá kan náà á lọ pàdé. Ọmọ 15 ló máa gba apá kọ̀ọ̀kan, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún. Ìṣẹ́jú 12. Kí wọ́n kọ kókó mẹ́ta, kí ẹ rí i kí wọ́n tó tú ká, torí pé àṣìṣe kan níbẹ̀ á wọ inú ọ̀wọ́ márùn-ún. Wọ́n á wá padà, oníkálùkù á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìrìn yẹn, ìṣẹ́jú 40 kò lè gbà á, ẹ so àkókò iṣẹ́ méjì pọ̀. Bí ẹnì kan kò bá wá, ẹ da ọ̀wọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ wọn ní ìkẹyìn kí wọ́n lè gbọ́ apá tó sọnù.

Ní àwọn abúlé tí tíṣà kan ti di ìwé kẹta àti ìkẹrin mú pọ̀, ẹ gbàgbé kíláàsì fún wákàtí kan lójúmọ́, kí ẹ fi ìpele ìwé kíkà pín wọn. Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ló mú èyí gbajúmọ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ka lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni ìpele rẹ̀. Ẹ dán ọmọ 12 wò lójúmọ́, ẹ ó ti parí ọgọ́ta lọ́jọ́ Ẹtì. Kí àmì ohùn orí ìwé tí wọ́n ń kà pé o: "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" láìsí àmì á mú ọmọ tó mọ̀wé kà kọsẹ̀.

Àwọn kan á ní síkíìmù ò ní parí. Òótọ́ ni pé ìdá á gba ọjọ́ mẹ́ta dípò méjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọjọ́ tí ẹ fi ń tún ìdá kọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìwé karùn-ún, àti níbẹ̀rẹ̀ ìwé kẹfà. Bí ìnísípẹ́kítọ̀ bá wọlé tó bá yín lórí ìjókòó láàárín ọ̀wọ́ kan, kí lẹ́sìn nóòtù yín ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú lára rẹ̀: 5 fún ìdìbò, 8 fún àlàyé, 15 fún ọ̀wọ́, 7 fún ìjábọ̀, 5 fún ìwé ìjáde.

Ìwé ìjáde ni a pa àjákù ìwé yẹn mọ́ fún. Àjákù kan á gé sí márùn-ún, 12 á di 60. Kí oníkálùkù kọ orúkọ rẹ̀ àti ìdáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, bíi ½ + ¼, kó fi lé yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má fún un ní máàkì. Ẹ kó wọn sí ìtì mẹ́ta: ó gbà á, ó fẹ́ẹ̀ gbà á, kò mọ ibi tí ó wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Àwọn ìtì kẹta, ẹ pè wọ́n sí ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìtì kejì ló ní àárọ̀ ọ̀la: ẹ mú mẹ́ta nínú rẹ̀, ẹ kọ àṣìṣe wọn sójú bọ́ọ̀dù láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé láti orí ìlà, kí wọ́n sì wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wọ́.